Àwọn Àna Ikùn Ọmọ́yẹni

Bí Ọmọ́yẹni bá rẹ́rìn-ín, àyà Fọláhàn a máa jó bí ẹni pé wọ́n gbé gírámófóònù sínú rẹ̀. Ìfẹ́ yìí ni kò jẹ́ kó ní sùúrù mú ẹbí rẹ̀ láti Ìtàjí lọ tọrọ ọmọ ní Ìsàn. Ó kàn gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni, ó di ìyàwó.

Nígbà tí oyún pé oṣù méje, ibà dé, ìrọbí bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jọ́. Nọ́ọ̀sì Florence ní ilé ìgbẹ̀bí gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kó dùbúlẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún Fọláhàn tó ń sunkún.

"Ìdajì ọmọ yìí, ti ìyá ni. Ìdajì tó kù, tiyín ni, àjèjì ni lára ìyàwó yín. Omi ara kan ló ń bẹ ilé ọmọ pé kó gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ibà ti jí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, wọ́n ń ránṣẹ́ pé kó lé e jáde."

Fọláhàn rántí pé ẹbí òun kò tíì tọrọ Ọmọ́yẹni. Àbí kí ló fẹ́ mú ara Ọmọ́yẹni gba ẹni tí kò mọ ẹbí rẹ̀? Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìtàjí, ó gbé Bàbá Àkàndé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wá pẹ̀lú iṣu àti oyin.

Bàbá ṣí fìlà, àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ níwájú ikùn. Bàbá ka ìdílé wọn láti orí baba ńlá, ó ní kò sí olè nínú wọn. Ọmọ́yẹni ní ikùn ń bèèrè bóyá wọ́n máa ń na ìyàwó. Wọ́n ní rárá. Ó ní ó dáa, kí wọ́n dìde.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ibà lọ, ìrora dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ òun ni. Bàbá ní abẹ́rẹ́ náà gbìyànjú.

Àmọ́ oṣù mẹ́sàn-án pé, ó kọjá, ọmọ kò jáde. Nọ́ọ̀sì ní bí ọmọ bá gbó tán, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò ránṣẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ́yẹni, tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́, wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Ẹ lọ pe Bàbá yín."

Bàbá tún dé, ó ṣí fìlà sílẹ̀, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣeun, àna wa. Ẹ ti tọ́jú rẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ ulé."

Ìgbà náà ni omi ya sórí fìlà Bàbá. Nọ́ọ̀sì lé wọn síta.

Nígbà tí ọmọ ké, Fọláhàn ṣì wà nínú ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò tíì ní kó dìde.