Alhambra Láti Fèrèsé Balùwẹ̀ Ṣùpọ̀

Àwọn àgbà ní rìn-ká-rìn-ká ló ń mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Jimoh ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé létí adágún Southmere ní Thamesmead, ti rìn títí, àmọ́ ká má purọ́, kò tíì rí ọ̀kẹ́rẹ́ rárá, ká tó wá sọ ti èyí tó yọ iké. Ó ti dé Dublin. Kí ló rí ní Dublin? Pálọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ kan. Ó ti dé Hamburg. Ó ní ìlú náà dára púpọ̀, pé àga aláwọ tó wà nílé ìbátan òun níbẹ̀, bí èèyàn bá jókòó sí i, á rì dé àyà. Bí o bá bi í léèrè odò tó gba Hamburg kọjá, á wò ọ́ bí ẹni tó ń bi í lórúkọ ìyá ìyá Èṣù.

Ká má di ẹ̀bi náà rù ú lóun nìkan, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá wọ ìlú àjèjì, tí kò kọ́kọ́ lọ kí ará ilé rẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ò tó nìyẹn. Bó bá sì wọlé kí wọn, wọ́n á ní kó jẹun. Bó bá jẹun tán, wọ́n á ní kó sinmi. Bó bá máa fi sinmi tán, oúnjẹ alẹ́ ti délẹ̀. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń rí ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn, wọ́n á sì padà wálé wá máa pe ara wọn ní arìnrìn-àjò.

Raliat, ìyàwó Jimoh, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Woolwich, ti tọ́ nínú adùn yìí wò. Lọ́dún 2011, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Granada, ìlú kan ní Andalúsíà, ní gúúsù ilẹ̀ Spéènì, nítorí pé ibẹ̀ ni Ṣùpọ̀, ẹ̀gbọ́n Jimoh, ń gbé. Òkè kan wà nínú ìlú náà tí àwọn ọba Mùsùlùmí ayé àtijọ́ kọ́ ààfin sí. Alhambra ni wọ́n ń pè é. Kìnnìún olókùúta méjìlá ló gbé agbada omi rù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n fín sára ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, tó ń wí i ní àwítúnwí pé kò sí aṣẹ́gun kan àfi Ọlọ́run.

Bàbá Raliat, tó jẹ́ aáfà onílé-kéú ní Ìwó, kò rìn jìnnà ju Ìbàdàn lọ títí ó fi kú. Síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ ọ ní wàláà, pé ìlú kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé ògiri ibẹ̀ gan-an ń ké sí Ọlọ́run. Láti ìgbà náà ni Raliat ti fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ ka ògiri yẹn. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Kò bẹ Ọlọ́run fún mọ́tò tàbí ilé ńlá, pé kí òun ka ògiri ni.

Ó dé Granada lóòótọ́. Ó sì rí Alhambra. Láti fèrèsé balùwẹ̀ Ṣùpọ̀ ló ti rí i. Bí èèyàn bá gun etí ọpọ́n ìwẹ̀, tó di páìpù mú, tó wá na ọrùn bí ògòǹgò, á rí ògiri pupa náà lórí òkè lọ́hùn-ún, á rí yìnyín funfun lórí àwọn òkè gíga tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Raliat lọ sí balùwẹ̀ náà lọ àlọtúnlọ, títí Afusat, ìyàwó Ṣùpọ̀, fi ń fojú àánú wò ó.

"Ìyàwó wa, inú ń ṣe ọ́, àbí?"

Wọ́n gba ẹ̀bà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé ògì fún un. Bó bá sì ti ní ká jáde díẹ̀, Ṣùpọ̀ á dá a lóhùn pé, "Ká jáde lọ síbo? Ṣé oúnjẹ ò tó ni?" Ògì ló mu títí ó fi padà sí Thamesmead. Bó ṣe lọ sí Andalúsíà nìyẹn.

Nígbà tó di ọdún 2016, ẹgbẹ́ àdúrà Mùsùlùmí ọjọ́ Sọ́ńdè kan tó ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Powis Street ní Woolwich fẹnu kò pé àwọn ń lọ sí Andalúsíà. Wọ́n wá ẹni tó mọ̀nà. Ta ló tún mọ̀nà bí kò ṣe Jimoh? Wọ́n fi í ṣe aṣíwájú ìrìn àjò, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ohun tójú ń rí níbẹ̀ fún ìjọ. Jimoh dìde, ó fa agbádá sí èjìká, ó wúkọ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Bí ẹ bá ti wọlé báyìí, kápẹ́ẹ̀tì á gbé yín mì dé kókósẹ̀."

"Subhanallah!" ni ìjọ wí.

"Ẹ ò ní fẹ́ jáde. Èmi tí mo wọbẹ̀ yìí, mi ò jáde."

Raliat, tó wà lẹ́yìn, mi orí. Òtítọ́ pọ́ńbélé lèyí.

Àǹtí Waheedah nawọ́. Nọ́ọ̀sì ni, ohùn rẹ̀ sì lè jí aláìsàn tí wọ́n fún lóògùn oorun. "Uncle Jimoh, àwọn ibi ìkọ̀kọ̀ ńkọ́? Àwọn ibi tí àlejò kì í mọ̀? Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn."

"Ó wà! Ibì kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tí wọ́n ń tọ́jú ẹja gbígbẹ sí. Kò sí ará Spéènì tó mọbẹ̀."

Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan béèrè bóyá gààrí wà níbẹ̀. Ẹlòmíì béèrè bóyá omi àlùwàlá máa ń gbóná. Kò sẹ́ni tó béèrè ọba tó kọ́lé. Ẹni tí kò mọ̀ ń kọ́ ẹni tí kò bi í, ìpàdé sì lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Inú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ lọ sílé ni Raliat ti là á yé ọkọ rẹ̀.

"Dádì Ikram, pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ṣùpọ̀ lẹ ṣàlàyé fún ìjọ Ọlọ́run yẹn."

"Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé à ń bọ̀."

Jimoh wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ ta ìyá rẹ̀. "Ká wọ ìlú ọkùnrin, ká má kí i? Tó bá wá gbọ́ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún un? Àwọn kìnnìún olókùúta ni?"

Ikram, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ààfin fún gbogbo ẹgbẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Woolwich ni wọ́n bí i sí, kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹ. "Mum, time wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yìí o. Wednesday, àárọ̀. Tó o bá late, wọn ò ní jẹ́ kó o wọlé. Kò sí 'ẹ jọ̀ọ́ sà' níbẹ̀. Dad, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mo ti pa ẹnu mi dé."

Lóòótọ́, ó pa á dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Ṣùpọ̀ náà ti pa tirẹ̀ dé sápá ibẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, gbogbo ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Raliat ń lọ aṣọ, ni ẹnì kan tẹ aago ilẹ̀kùn. Jimoh lọ ṣí i. Ṣùpọ̀ ló dúró síbẹ̀, fìlà ní gẹ̀gẹ́rẹ́, báàgì lọ́wọ́, eyín mẹ́rìndínlógún níta.

"Ẹ ò retí mi, àbí? Mo ní kí n kàn ya bá yín lójijì ni! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo wá lò!"

Jimoh dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde, torí nílẹ̀ níbẹ̀ nìkan ló ti lè ronú. Raliat kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n."

Ṣùpọ̀ jókòó. Ó mu omi. Ojú rẹ̀ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Jimoh, ẹrù ta nìyẹn? Ṣé ẹ ń rìnrìn àjò ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. À ń… à ń tún ilé ṣe ni."

Irọ́ ò tíì délẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbayawu. Àǹtí Waheedah wọlé pẹ̀lú báàgì tó tóbi ju òun alára lọ. "Uncle Jimoh, ẹ bá mi gbé èyí wò, ṣé kò ti wúwo jù? Kóòtù ńkọ́, ṣé ó máa wúlò ní Granada?" Ó rí àlejò, ó yíkàá wẹ́rẹ́. "Áà, ẹ káàbọ̀ sà. Níbo lẹ ti wá?"

"Granada," ni Ṣùpọ̀ wí.

"Ọlọ́run tóbi! Ibẹ̀ là ń lọ lọ́la!"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ṣùpọ̀ rọra ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Ìlú tí mò ń gbé, Jimoh."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Mo bínú ni? Kí ló fẹ́ bí mi nínú? Ṣé torí pé ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ ológbò gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ jẹun nílé mi nígbà yẹn. Àwọn tó jọ yín ni."

Jimoh tún na gbalaja sáàárín ẹrù. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí. A ò lọ mọ́. Ẹ̀yin la máa bá jókòó. Ìyá Ikram, tú ẹrù."

"Ẹ ò lọ mọ́ kẹ̀?" ni Waheedah pariwo. "Ta ló wá fẹ́ mú wa débi ẹja gbígbẹ?"

Raliat ò fọwọ́ kan ẹrù. Gbogbo ìsinmi tó ti gbà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún yìí wá, pálọ̀ ẹnì kan ló gbà á. Bàbá tó yẹ kó lọ ròyìn ògiri fún ti wà nínú ilẹ̀. Bí ó bá tú ẹrù yìí, ó mọ̀ pé òun ò tún ní dì í mọ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ṣùpọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún yín. Ẹ̀bi Dádì Ikram kọ́."

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́, Raliat? Ṣé wọ́n fi oúnjẹ dù ọ́ nílé mi?"

"Wọn ò fi oúnjẹ dù mí, sà. Oúnjẹ yẹn ló fi nǹkan dù mí. Alhambra ni mo fẹ́ wọ̀. Mo dé ìlú yín, mi ò débẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ débẹ̀."

"Ògiri àtijọ́ yẹn?" Ṣùpọ̀ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Láti ìgbà tí mo ti ń gbé níbẹ̀, mi ò wọ̀ ọ́ rí. Kí ló wá dín lára mi?"

Ìbéèrè kan wà tí èèyàn bá dáhùn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹbí á pe ìpàdé lé e lórí.

Ṣùpọ̀ yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ohùn jáde síta kí gbogbo ilé lè gbọ́ ìdájọ́. "Afusat, wá gbọ́ ohun tójú mi rí. Raliat ń bọ̀ ní Granada lọ́la, kò sì fẹ́ ká mọ̀. Ó ní Alhambra lòun ń bọ̀ wá wò!"

Ohùn Afusat wá jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Jimoh ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀?"

"Jimoh á ṣe máa bọ̀ nígbà tí mo wà nílé rẹ̀?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá di ti ta?"

"Kí lo wí?"

"Raliat ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Raliat, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ wọlé?"

"Wẹ́sìdeè ni, mà. Láàárọ̀."

"Fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì Jimoh. Ẹnu géètì ibẹ̀ ni kí o ti bá mi. Má wá sílé o! Tó o bá fi lè wá sílé, mo máa dáná fún ẹ, a ò sì ní lọ mọ́ nìyẹn."

Ẹnu Ṣùpọ̀ wà ní yíyà sílẹ̀. "Afusat, o ò sọ fún mi rí pé o fẹ́ débẹ̀."

"Ẹ ò bi mí rí, Bàbá Kẹ́hìndé. Bóyá ẹran ti jinná lẹ máa ń bi mí."

Waheedah wo àjà kó má baà rẹ́rìn-ín. Jimoh wo ilẹ̀. Ṣùpọ̀ gbé fìlà padà sórí, ó wá béèrè pé kí ni wọ́n máa jẹ lálẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Jimoh ò lè kúrò nílé, nítorí ẹni tó bá fi àlejò sílẹ̀ nílé lọ sí ìlú àlejò náà, orúkọ rẹ̀ ò ní ṣeé pè ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ́. Ó bá ìyàwó rẹ̀ gbé ẹrù dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́lọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé kéú.

"Ẹ̀fọ́ wà nínú fíríìsà," ni Raliat wí fún un. "Ẹ rọra máa bá Ẹ̀gbọ́n ṣeré."

"Ìyá Ikram, ṣé o ò bínú sí mi?"

"Mo bínú ni?" ó ní, ó sì gun bọ́ọ̀sì.

Àwọn ẹgbẹ́ ti pé sí ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal, tí wọ́n ti máa wọ ọkọ̀ DLR lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé aṣíwájú ò lọ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ẹni tó mọ ibẹ̀ ti dúró sílé, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é? Waheedah ní kí wọ́n dákẹ́, ó nawọ́ sí Raliat, ó ní obìnrin yìí ti fojú ara rẹ̀ rí Alhambra rí. Gbogbo wọn kọjú sí i. Raliat ò ṣàlàyé ibi tó ti rí i. Ó kàn ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni fóònù rẹ̀ dún. Jimoh ni.

"Ìyá Ikram, jọ̀ọ́, ibo niyọ̀ wà? Ẹ̀gbọ́n ti jí, wọ́n ní àwọn…"

Ọkọ̀ náà wọ abẹ́ odò Thames, fóònù sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ sí òdìkejì, Raliat wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó pa á, ó jù ú sínú báàgì, ó wá jókòó dáadáa.