Ilé Kan, Olùrà Méjì

"Ẹ ǹ lẹ́ o, sà. Ta lẹ ń wá?"

Obìnrin tó bi Bíríkìlà ní ìbéèrè yìí dúró lórí àpótí lójú fèrèsé pálọ̀, ó ń fi téèpù wọn fèrèsé náà. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀, ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọlúàbí, ó sì fi pẹ́ńsùlù há etí. Bíríkìlà wo ògiri. Ògiri òun ni. Ó wo àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, èyí tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́ta pé òun á tún ṣe lọ́la. Àga òun ni. Nínú ilé òun gan-an ni wọ́n ti ń bi òun pé ta lòun ń wá.

"Èmi ni mo nilé," ló sọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó nilé.

"Háà! Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin ni Bàbá. Màmá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ká aṣọ. Wọ́n ní kí n máa wọn fèrèsé lọ." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ ṣeun gan-an ni. Láti àárọ̀ tí Màmá ti fún mi lésì ni inú mi ti ń dùn."

"Èsì wo?"

"Pé ilé ti di tèmi, sà."

Bíríkìlà jókòó. Ó gbàgbé pé àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni, àga náà sì yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lánàá, ní ìrọ̀lẹ́, òun náà ti bọ̀ tíṣà kan lọ́wọ́ lẹ́nu géètì, ó sì ti sọ fún un pé ilé ti di tirẹ̀. Aago mẹ́rin ni tíṣà ọ̀hún máa dé lónìí. Ó wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí tọkọtaya ṣe lè ta ilé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì kò ṣòro láti ṣàlàyé, ìtìjú ló wà níbẹ̀. Ìbàdí Bíríkìlà kò gba àkàbà mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin sì ní yàrá méjì tó ṣófo ní ìlú mìíràn, tí wọ́n lè kó lọ. Wọ́n kọ́kọ́ pe ajẹ́ǹtì. Ajẹ́ǹtì ní bí ẹni tó fẹ́ wo ilé bá ti ń bọ̀, kí àwọn méjèèjì máa jáde, torí pé àgbàlagbà tó ń ta ilé kì í mọ ẹnu pa mọ́. Ìyàwó Bíríkìlà ní, "Ṣé adìyẹ ni wá, tí wọ́n á máa lé jáde?" Bí wọ́n ṣe dágbére fún ajẹ́ǹtì nìyẹn. Bíríkìlà fi ọ̀dà kọ ọ́ sára pákó: ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ, Ẹ KANLẸ̀KÙN. Wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn pé ẹni tí àlejò bá bá nílé ni kó mú un yí ilé ká, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí èèyàn tó wù ú, kó fún un lésì, kó wá sọ fún ẹnì kejì kíá.

Ibi "kíá" yìí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nígbà tí Bíríkìlà wọlé lánàá, oògùn orúnkún ti mú ìyàwó rẹ̀ sùn lọ. Kí ó tó jí láàárọ̀, ọkọ ti jáde. Nígbà tí ìyàwó náà sì fún nọ́ọ̀sì lésì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló pe ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù Bíríkìlà, bó bá jẹ iná yó láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti kú.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ tó ga dé àgbọ̀n rẹ̀. "Ẹ ti dé! Ẹ wo ẹni tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ..."

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn.

Tíṣà ni. Ọkùnrin tín-ínrín ni, kóòtù rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, ó sì gbé òdòdó inú ìkòkò kan dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé èyí wá," ó sọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojú fèrèsé pálọ̀ yìí ni mo ti yàn fún un." Ìgbà náà ló wá rí nọ́ọ̀sì, téèpù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, lójú fèrèsé kan náà.

Gbogbo wọn ń wo ara wọn. Bíríkìlà nawọ́ sí àga. Ó ní kí wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ló rántí pé àga kan ṣoṣo tó dúró dáadáa ni ìyàwó òun kó aṣọ lé. Ìyàwó rẹ̀ fà á lápá aṣọ, wọ́n bọ́ sí ilé ìdáná, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ìwọ náà ò sọ fún mi!"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo pè yín! Òkúta sàn ju fóònù yẹn. Òkúta ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun máa dún."

"Ó dáa, ó dáa." Bíríkìlà na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ká fara balẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí, kí ló sọ pé òun máa fi ilé ṣe?"

"Ó máa tú ẹ̀yìnkùlé ká pátá. Àtẹ̀gùn, títí kan géètì iwájú."

"O sì gbà?"

"Ìdí tí mo fi gbà gan-an nìyẹn."

Bíríkìlà wò ó. Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ni wọ́n ti fẹ́ra wọn, ó sì rò pé òun ti mọ gbogbo èdè rẹ̀. Èyí kò yé e.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Kí ni tíṣà fi wọ̀ yín lójú?"

"Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tún ní..." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè wa níbí, òun á fún un ní nọ́ńbà wa."

"Ẹnikẹ́ni." Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ tábìlì. "Ẹ pe orúkọ rẹ̀."

Bíríkìlà yíjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ilé náà. Ọjọ́ tí Bíríkìlà da sìmẹ́ńtì rẹ̀ ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, sáré jáde, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbàgàdà. Bíríkìlà tí kì í fi ihò abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lórí iṣẹ́ oníbàárà wo ojú ẹsẹ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ọmọ náà ní Ẹlẹ́sẹ̀ńlá, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọmọ lára. Nígbà tí Ẹlẹ́sẹ̀ńlá pé ọmọ ogún ọdún, òun àti bàbá rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò tó nǹkan, ó gbé báàgì, ó sì lọ. Ọdún kẹsàn-án rèé. Olè ti jí fóònù àwọn òbí rẹ̀, èyí tí ọmọ náà mọ nọ́ńbà rẹ̀, gbé láti ọdún mẹ́fà. Bí ó bá fẹ́ padà lọ́jọ́ kan, ilé yìí nìkan ló mọ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbọ́ géètì yẹn," ìyàwó rẹ̀ sọ. "Atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, màá dìde. Ológbò á fara gbá a, màá dìde. Orúnkún tí ẹ̀ ń wò yìí, ṣé ẹ rò pé ọjọ́ orí nìkan ló bà á jẹ́? Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó pa òwe yẹn, ó nílé, ó sì ní géètì. Mo fẹ́ kí wọ́n tú u ká, kí n lè sinmi."

"Bó bá wá dé ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀," Bíríkìlà sọ. Ogójì ọdún ló fi ń na okùn láti mọ ibi tí ògiri ti wọ́. Kò rí okùn tó máa nà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó sọ dáa, ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ náà sì dáa, àwọn méjèèjì kò sì lè wà nínú ilé kan náà.

Nọ́ọ̀sì rọra kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Tó bá jẹ́ pé wàhálà ló fẹ́ dá sílẹ̀, màá máa lọ. Ìyá mi ni ò jẹ́ kí n tètè juwọ́ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ la fi ń tì wọ́n báyìí. Ilé mọ́kànlá ni mo ti wò, ilẹ̀kùn wọn ò gba kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín ló gbà á. Àtẹ̀gùn kan yẹn nìkan ló dí i."

Bíríkìlà mọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe fẹ̀ tó. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fẹ̀ ẹ́ ni, kí bárò tó kún fún yanrìn lè gbà á kọjá. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ṣé ó pọn dandan kẹ́ ẹ fọ́ àtẹ̀gùn yẹn?" ó béèrè. "Àbí kí n da sìmẹ́ńtì lé e, kó dà gẹ̀rẹ́ dé ilẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ máa gun orí rẹ̀?"

"Bó ṣe wù yín, sà. Kí ìyá mi ṣáà ti ráyè wọlé."

Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún tíṣà pé nọ́ọ̀sì làwọn máa ta ilé fún. Tíṣà gbọ́ ọ dópin láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣẹ̀ yín."

"Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ."

"Mo ṣẹ̀ yín," Bíríkìlà tún wí. Ojú tì í gidigidi. Tíṣà gbé òdòdó rẹ̀, kò sì dágbére. Géètì dún gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ilé ìdáná, ìyàwó Bíríkìlà gbórí sókè.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n kó lọ, Bíríkìlà po sìmẹ́ńtì. Ó to òkúta yí àtẹ̀gùn náà ká, ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún, ó ń bú u bí ẹni ń bú ọmọ iṣẹ́ tó ya ọ̀lẹ. Nígbà tó fẹ́ dà á, ìyàwó rẹ̀ jáde.

"Ẹ dúró ná."

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, ó fi ẹnu ìgbálẹ̀ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ojú ẹsẹ̀ náà, níbi àtàǹpàkò àti àwọn ọmọ ìka kéékèèké mẹ́rin. Ó gbá a mọ́ tónítóní. Ó wá dìde, ó sún sẹ́yìn. "Ó yá. Ẹ máa dà á."

Bíríkìlà dà á. Ó rẹ́ ẹ títí ó fi dán. Lẹ́yìn náà ló yọ ìṣó kan nínú àpò rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí igun kan, níbi tí kẹ̀kẹ́ kò ní máa tẹ̀. Ó ti bi nọ́ọ̀sì léèrè, nọ́ọ̀sì sì ti gbà. Ó kọ ẸLẸ́SẸ̀ŃLÁ sójú sìmẹ́ńtì tútù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ tó ti ń wọlé lọ padà wá wo ohun tó ń kọ.

"Nọ́ńbà ta nìyẹn?"

"Tèmi ni."

"Ẹ pa á rẹ́. Tèmi ni kẹ́ ẹ kọ. Tiyín máa ń kú."

Bíríkìlà fi irin ìrẹ́lé pa á rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó ń pe nọ́ńbà náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ìyàwó rẹ̀ ní kó kà á padà fún òun lẹ́ẹ̀mejì.