Àwọn Tí Wọ́n Bí ní Òdìkejì Afárá

Lẹ́tà báǹkì náà kò gùn. Wọ́n ní kí Verlin Hatheway sọ ibi tí wọ́n bí i sí, kó sì sọ bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni. Verlin kà á lórí ìdúró, ó sì jókòó tún un kà.

Kánádà ló ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló ti ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ ń rọbí, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù wà ní òdìkejì odò, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n sáré gbé e kọjá afárá, ó bímọ, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀ wálé kí ọbẹ̀ tó tutù.

Ohun tí Verlin gbọ́ nílé epo ni pé ẹni tí wọ́n bá ti bí sílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ibi yòówù kó máa gbé láyé, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣírò owó orí fún un lọ́dọọdún, kó sì jẹ́wọ́ àkáǹtì tó bá ń fọwọ́ sí nílẹ̀ òkèèrè. Ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń wí yìí ni báǹkì ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tí Verlin máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

Owó tirẹ̀ kò tó nǹkan. Owó panápaná ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni panápaná, wọn kì í gbowó oṣù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń se ẹ̀wà tà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí wọ́n lè ra ọkọ̀ tuntun, Verlin ló sì ń fọwọ́ sí ìwé owó náà ní báǹkì. Ó dá a lójú pé tí òun bá jẹ́wọ́ pẹ́nrẹ́n, Amẹ́ríkà á gba ọkọ̀ náà kí wọ́n tó rà á.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ kọjá afárá lọ ra epo mọ́tò àti wàrà mọ́. Noreen ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní ṣé obìnrin kan ló ń sá fún lọ́hùn-ún ni. Verlin ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun. Noreen ní òun rò pé mọ́tò ló fi ń lọ.

Nígbà tí ìpàdé panápaná dé, Verlin dìde, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé owó. Odber Groom, ọ̀gá wọn, bi í pé kí ló dé.

"Ọ̀gá, ọmọ Amẹ́ríkà ni mí."

Odber họ orí. "Ilé ìwòsàn òdìkejì yẹn?"

"Ibẹ̀ ni."

"Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Ta ni wọn ò bí síbẹ̀ nínú yín?"

Wọ́n ń wo ara wọn bí àwọn tó jọ jí ẹran jẹ. Akọ̀wé, awakọ̀, àwọn tó ń fa rọ́bà omi, ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè, ti ìyá àgbà Eudora Gillmor tó ń se ẹ̀wà. Ahun ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ń gbowó lórí afárá láyé ìgbà yẹn, ló bá ní kí ìyàwó òun bímọ sí ilé ìdáná.

"Ọjọ́ wo lẹ ti ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́," ni Eudora wí. "Ẹ gbé bírò wá, èmi ni màá máa fọwọ́ sí i."

"Ẹ ṣeun, Mà," ni Verlin wí.

"Má dúpẹ́ o. Màá béèrè rìsíìtì, títí kan ti iyọ̀."

Ṣùgbọ́n èyí tí Verlin ti fọwọ́ sí sẹ́yìn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Noreen gbọ́, ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó mọ̀ nípa owó orí, ní òdìkejì afárá. Kí Verlin tó jókòó, ó ti béèrè bóyá wọ́n máa gba ọkọ̀ panápaná. Obìnrin náà ní kò sẹ́ni tó fẹ́ ọkọ̀ wọn. Amẹ́ríkà kàn fẹ́ mọ̀ ni, owó orí tí Verlin ti ń san ní Kánádà sì ti tó, kò ní san kọ́bọ̀ lé e. Ìdí tí kò fi jẹ́wọ́ láti ọjọ́ yìí nìkan ló kù, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Verlin jẹ ìdí bírò títí. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé ọmọ yín ni mí. Ìyá mi ò ní èrò burúkú lọ́kàn, ó ń rọbí ni, ilé ìwòsàn yín ló sì sún mọ́ wa. Ti panápaná ni owó yẹn. Tí iná bá ń jó lọ́dọ̀ yín, àwa náà la máa ń kọjá wá bá yín pa á."

Obìnrin náà kà á, ó ní òun ò ní yọ nǹkan kan níbẹ̀. Verlin ní kó yáa fi ránṣẹ́ kíákíá, kí ẹ̀rù tó tún ba òun.