Yanrìn Inú Ìpàtẹ́wọ́

Ẹ̀rọ ìlù náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún Láoyè. Ó ga ju Láoyè lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì ló máa ń wà tẹ́lẹ̀, tí kò sì tóbi ju àpótí tí wọ́n ń kó ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì sí lọ. Ó ní kí Láoyè nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Láoyè nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó má pariwo, pé àwọn ìró ń sùn. Láoyè ní òun kò wá pariwo, pé àbúrò òun lòun wá wò, Fẹ̀yìntọlá, tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kẹta.

"Òní kọ́ ni ọjọ́ ìbẹ̀wò," ni ẹ̀rọ náà wí, ṣùgbọ́n ó yà fún un lọ́nà. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó dún bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà tí wọn kò ṣa òkúta inú rẹ̀ tán.

Láoyè àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ṣíjúadé ni wọ́n jọ ra ẹ̀rọ náà. Wọ́n gbé e sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ ti míṣọ́ọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń gba orin àwọn ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ìró yòówù tí ènìyàn bá jẹ́ kó gbọ́, yóò gbé e mì, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ọ̀kan nínú bọ́tìnnì mẹ́jọ tó ní. Àmọ́ ikùn rẹ̀ kéré. Gbogbo ohun tó lè gbà pọ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, wọ́n máa ń mú kí ìró sáré wọlé kó má baà gba àyè, lẹ́yìn náà wọn a ní kí ẹ̀rọ náà máa dá a padà jẹ́jẹ́. Níbi tó ti ń dá a padà jẹ́jẹ́ yìí ni ariwo ṣàkàṣàkà kan, tí wọ́n ń pè ní yanrìn, ti máa ń wọ inú rẹ̀. Àwọn akọrin fẹ́ràn yanrìn náà. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ìlù dún bí ohun tó ti rí ìyà.

Ìpàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo ni Fẹ̀yìntọlá pa fún ẹ̀rọ náà. Òrùka wà níka rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ dún pá, ohun kékeré kan sì tẹ̀lé e, ṣín, bí ìgbà tí ṣíbí bá kan etí ife. Kò pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà tó fi kú. Kò sí ohun mìíràn tó kù lára rẹ̀ tí etí lè gbọ́. Lójú oórì, kí àwọn ènìyàn tó túká, Ṣíjúadé ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pé láéláé, ẹnikẹ́ni kò ní lé e kúrò lábẹ́ bọ́tìnnì kẹta.

Yàrá ìsùn àwọn ọmọ ilé ìwé ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Láoyè mọ̀ ọ́n. Òun àti Ṣíjúadé ti sùn nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀dì onírin mẹ́jọ ló tò síbẹ̀, wọ́n fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ń wọlé láti abẹ́ ilẹ̀. Ìlù ńlá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kìíní, baba arúgbó tó sanra, tó lanu sílẹ̀. Ìka kan gba inú àjà sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ láyà. Baba náà dìde jókòó, ó ní "gbì", ó tún dùbúlẹ̀. Kò la ojú. Láoyè wo ìka náà bó ṣe ń padà lọ sókè. Èékánná rẹ̀ dúdú, níbi tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ti há a nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹrin. Ìka Ṣíjúadé ni.

Lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta, ẹnìkan fi aṣọ ìbora Fẹ̀yìntọlá bo ara rẹ̀ títí dé orí. Láoyè pè é ní orúkọ rẹ̀. Ó ká aṣọ náà kúrò. Agolo mílíìkì ló bá níbẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni agolo náà wí. "Mi ò lé ẹnikẹ́ni o. Wọ́n ní àyè ṣófo ni."

Láoyè bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Ṣíjúadé ti ń ṣe orin ìpolówó ọṣẹ tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n fẹ́ kí nǹkan máa dún kọ́ńkọ́ nínú rẹ̀. Láoyè bi í bóyá ó ń rí oorun sùn. Agolo ní yanrìn pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà jù, àmọ́ inú gọ́tà lòun ti wá, òun kò lè máa ráhùn.

Nígbà tí Láoyè yíjú padà, yàrá náà ti di ilé ìjẹun. Ṣíjúadé jókòó sí ìdí tábìlì gígùn, ó ń fi bíléèdì bó ọsàn. Èèpo ọsàn náà kò já. Ó ti yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po nígbà mélòó kan, ó ń lọ sílẹ̀. Ó kí Láoyè pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, Láoyè Ẹlẹ́kún, nítorí pé ó sunkún ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kìíní tí wọ́n mú wọn wá sí ilé ìwé náà, Ṣíjúadé ló sì ń fún un ní ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ kó lè dákẹ́.

Láoyè bi í léèrè Fẹ̀yìntọlá.

"Ẹ̀rọ ti kún," ni Ṣíjúadé wí. "Ẹnìkan ní láti dìde."

"O ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí pé n kò ní lé e. N kò lé e. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde."

Ó la ọsàn náà sí méjì, ó na ìdajì sí Láoyè. Láoyè gbà á, ó sì mu ún. Ọsàn náà dùn, yanrìn sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó wá ń dùn ún jù lẹ́yìn náà ni pé ó mu ún tán.

Ògiri ilé ìjẹun ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń yà fún àgbà lójú ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ilé ìwé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá jókòó sórí àpótí onírin rẹ̀ ní ẹ̀bá títì, níbi tí àwọn ọmọ ti máa ń dúró de àwọn òbí wọn. Ó ti kú, àwọn méjèèjì sì mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́. Òrùka rẹ̀ wà níka rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti dán bíi síléètì, kò sí ìlà kankan nínú wọn mọ́, nítorí pé orin ẹgbẹ́ akọrin mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti fi wọ́n pàtẹ́wọ́.

Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀ kí Láoyè. Ó béèrè ìyàwó rẹ̀, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí títí dé àbíkẹ́yìn, bí ènìyàn ṣe máa ń béèrè ará ilé àjèjì tó bá ṣe ènìyàn lóore. Nígbà tí wọ́n wà láyé pọ̀, kì í kí i bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ ló máa ń kì bọ àpò rẹ̀, a máa wá bisikíìtì.

Láoyè bi í pé ta ló ní kó jáde.

Ó yọ ìwé kan láti abẹ́ tòbí rẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda ni. Ní ilé ìwé náà, ọmọ tó ń gbé inú ọgbà kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà àyàfi tí ìwé bá ti ilé wá. Láoyè kà á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: *Mo yọ̀ǹda kí àbúrò mi, Fẹ̀yìntọlá, máa lọ. A nílò àyè rẹ̀. Èmi ni, Láoyè.*

Ìkọ̀wé rẹ̀ ni. Ìrù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ sí òsì bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Tíṣà Ọ̀jẹ́wálé ló kọ́ ọ, orí bẹ́ǹṣì kan náà ló sì ti kọ́ òun àti Ṣíjúadé, tó ń fi rúlà gbá wọn léegun ọwọ́ títí ìkọ̀wé àwọn méjèèjì fi di ọ̀kan. Inú wọn máa ń dùn sí i nígbà náà. Bí wọ́n bá fi ìwé kíkọ jẹ ọ̀kan níyà, èkejì a bá a kọ ìdajì.

"Mo rò pé ó ti rẹ̀ yín láti máa gbọ́ mi ni," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Mo ní kí n má máa yọ yín lẹ́nu."

"Èmi kọ́, Fẹ̀yìntọlá."

"Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

Tíṣà Ọ̀jẹ́wálé ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì, pẹ̀lú rúlà lábẹ́ abíyá. Òun náà ti kú tipẹ́. Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó ní kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Láoyè ṣàlàyé fún un pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́ ní orúkọ òun. Tíṣà ní ìyẹn kò le. Ó pe Ṣíjúadé, Ṣíjúadé sì dé, èèpo ọsàn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Tíṣà ní kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi ìka kọ *Láoyè* sínú yanrìn ẹ̀bá títì.

Láoyè bi í pé níbo ni yanrìn tó pọ̀ tó báyìí ti wá.

"Ẹ ní kí ìró sáré wọlé, ẹ tún ní kó máa rìn jẹ́jẹ́ jáde," ni Tíṣà wí. "Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fò kọjá, kí lẹ rò pé yóò dí i?"

Wọ́n kọ ọ́. Láoyè fara balẹ̀ kọ tirẹ̀ ju bó ṣe kọ ohunkóhun rí láyé lọ. Fẹ̀yìntọlá dìde lórí àpótí rẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Tíṣà fi rúlà wọn orúkọ kìíní, ó wọn èkejì, ó tún padà wọn ti ìkíní. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tàn.

"Kò sí ìyàtọ̀ kankan," ni ó wí. "Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ó fa ìlà pé wọ́n gbà á sí abẹ́ méjèèjì. Ṣíjúadé ní, "Ẹ ṣeun, sà." Láoyè wò ó lójú, ó dúró kó jẹ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣíjúadé wo ilẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọra pa ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì rẹ́, Láoyè kò sì mọ èwo ni.

Fẹ̀yìntọlá gba ìwé náà lọ́wọ́ Tíṣà, ó ká a, ó dá a padà sí abẹ́ tòbí rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kò ní pẹ́ dé. Ó gbé àpótí rẹ̀ ru.

Láoyè padà sínú yàrá ìsùn. Kò sáré. Ó ní kí agolo mílíìkì jọ̀wọ́ dìde, agolo sì dìde, ó ní òun ṣáà ti sọ fún wọn pé yanrìn pọ̀. Ó bá Láoyè gbá orí bẹ́ẹ̀dì náà díẹ̀ kó tó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Láoyè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ó fa aṣọ ìbora dé àyà. Bẹ́ẹ̀dì náà kúrú fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta láàárín irin. Ó lè rí ẹnu ọ̀nà láti ibẹ̀, àti Fẹ̀yìntọlá tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí lórí, tó kẹ̀yìn sí i.

Ìka náà gba inú àjà sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá lórí baba tó sanra. Ó dúró lókè Láoyè fún ìgbà díẹ̀, òórùn ọsàn wà lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́ láyà. Láoyè dìde jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pàdé.

Pá. Ṣín.

Láoyè kò ní òrùka níka. Lókè àjà, ohùn Ṣíjúadé sọ jẹ́jẹ́ pé, "Mo rò pé mo ti pa ìyẹn rẹ́."

Lẹ́nu ọ̀nà, Fẹ̀yìntọlá sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀. Ìka náà tún ti ń bọ̀.