Yàrá Tí A Sọ Di Ilẹ̀ Mímọ́

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni àwọn olùgbé ilé alájà tuntun kan lọ́nà Creekmouth, ní ìlú òyìnbó, fi gba yàrá ìsàlẹ̀ ilé náà, kì í ṣe ní ọdún kan. Àwọn tí ó kọ́ ilé náà fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn olùgbé ní ibi tí aládùúgbò yóò ti máa mọ ojú aládùúgbò ni àwọn ń fẹ́, nítorí ènìyàn lè gbé òkè kí ó má mọ ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ títí wọn yóò fi gbé òkú jáde. Wọ́n lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó ní ìpàdé tí kò lóǹkà, wọn kò sì jẹ́ kí ó sú wọn. Ẹni méjì ni ó ṣíwájú wọn: Olúfọlákẹ́, ìyá ìjọ nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Barking, àti Dávídì, òyìnbó àgbàlagbà ọmọ Dagenham, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti gba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn. Nígbà tí ẹ̀rọ agbéniròkè bá bàjẹ́, ọkùnrin yìí a bá Olúfọlákẹ́ gun àtẹ̀gùn tìrora-tìrora.

Nígbà tí yàrá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan pé kí Olúfọlákẹ́ máa ṣe àbójútó rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ọjọ́ ìṣílé tó pé, ó pe Wòlíì Sámúẹ́lì, wòlíì ìjọ rẹ̀, wá láti ya yàrá náà sí mímọ́. Wòlíì sun tùràrí, ó sì wọ́n omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olúfọlákẹ́ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; ó rò pé oore kì í gba àṣẹ. Nínú ìjọ tirẹ̀, a kì í wọ bàtà tẹ ilẹ̀ tí a ti yà sí mímọ́. Nítorí náà ó gbé pẹpẹ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń rọra sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá dé pé kí ó bọ́ tirẹ̀. Wọ́n rò pé nítorí kápẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ihò ìbọ̀sẹ̀ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Dávídì nìkan ni kò wọlé. Èyí dun Olúfọlákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé ọkùnrin náà bá òun ro oko tán, kò wá bá òun kórè, bóyá àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù níbẹ̀ fún un.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, bí àwọn olùgbé ti ń jẹun pọ̀ nínú yàrá náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Halimah, obìnrin tí ó ń gbé òdìkejì ilé rẹ̀, gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá yẹn wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wá. Èmi ni mo máa ń gbé ọbẹ̀ jáde fún wọn."

"Kí ló wá dé tí kò wọlé?"

"Wọn ò lè bọ́ bàtà ẹsẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá bọ́ ọ, wọn ò ní lè dúró." Halimah wo ilẹ̀. "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Ó mọ̀. Ohun tí ó pa á lára nìyẹn. Òun ni ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà lórí àtẹ̀gùn gbogbo. Ó dìde láàárín àwọn tí ń jẹun, ojú sì ń tì í débi pé kò rántí bàtà tirẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi jáde sórí ilẹ̀ tútù.

Dávídì rí i, ó rẹ́rìn-ín. "Fọlákẹ́, tòsì ni mo lè bọ́. Tọ̀tún, dókítà ló ni ín."

Kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ. Dávídì ní òun wá lọ́jọ́ ìṣílé, obìnrin kan nawọ́ sí bàtà òun lẹ́nu ọ̀nà pé kí òun bọ́ ọ, òun sì rí bí inú Olúfọlákẹ́ ti ń dùn nínú lọ́hùn-ún.

"Mo ní, ó dáa, ṣọ́ọ̀ṣì yín ni. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́ fún ẹ."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wọlé nísinsìnyí, tòun ti bàtà. Dávídì mi orí.

"Kì í ṣe báyìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi àánú mú mi wọ ibi tí mo bá wọn jà fún."

Olúfọlákẹ́ padà wọlé, gbogbo ojú sì yí sí i. Ó mọ̀ pé òun jẹ Dávídì ní gbèsè ẹ̀bẹ̀, níṣojú gbogbo àwọn tí òun ti bà á jẹ́ sí létí. Ó sì jẹ gbogbo ilé náà ní gbèsè ìbéèrè tí kò bi wọ́n kí ó tó pe Wòlíì: ṣé wọ́n fẹ́ kí a ya yàrá wọn sí mímọ́?