Náílọ́ọ̀nù Dúdú Lábẹ́ Ẹ̀wù

"Má dúró," ni Urho wí láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Bí o bá dúró lórí òkè yìí, ẹ̀yìn ni táyà bàtà yẹn máa gbé ọ padà sí."

Reino Kangas kò dúró. Ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ilẹ̀, ó ń fi tòsì tì í, ó tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Oòrùn oṣù kẹjọ wà ní àtàrí. Ẹ̀wù òtútù méjì ló wọ̀. Lábẹ́ wọn ni náílọ́ọ̀nù dúdú tí à ń kó ìdọ̀tí sí wà, wọ́n lu ihò sí i fún orí àti apá, wọ́n sì so ó mọ́ ọn ní ìbàdí. Bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, náílọ́ọ̀nù náà á dún. Àágùn ti gbá jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń mì bí omi inú garawa.

"Urho, itan mi ti ń gan."

"Ó yẹ kó gan. Itan ẹlẹ́dẹ̀ gan-an máa ń gan kó tó jinná."

"Fún mi lómi díẹ̀."

"Omi kẹ̀? Gbogbo ohun tó jáde láti àárọ̀, o fẹ́ dà á padà síbi tó ti wá?" Urho gbé agolo bíà rẹ̀ sẹ́nu. "Tèmi yìí yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúró de kíndìnrín tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín méjèèjì Lempi, àbúrò Reino lóbìnrin, ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ti Reino sì bá a mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn ńlá ní Duluth ní oṣù kẹrin, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní òun kì í fi ọ̀bẹ kan ẹni tó sanra tó bẹ́ẹ̀. Ó dá iye kan fún un, igba ó lé ogún pọ́n-ùn. Bí Reino bá lè sọ̀kalẹ̀ débẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó parí, wọn á gba kíndìnrín kan lára rẹ̀ fún Lempi.

Kò sí àyè láti dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá Lempi fọ ẹ̀jẹ̀, iṣan ni wọ́n sì ń gbà dé inú ẹ̀jẹ̀ náà. Iṣan apá òsì ti dí. Ti apá ọ̀tún dí tẹ̀ lé e. Ti ọrùn náà dí. Itan ló kù. Bí ti itan bá dí, kò síbi tí wọ́n máa gún mọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni Reino ń wà níbi tí wọ́n ti ń wa irin nínú ilẹ̀. Jíjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀. Họ́kì, eré orí omi dídì, ti ba orúnkún rẹ̀ jẹ́ láti ìgbà èwe, kò lè sáré. Ṣùgbọ́n ó ti ń yọ̀ lórí omi dídì kó tó mọ ìwé í kà. Nítorí náà ló ṣe ra bàtà onítáyà, irú èyí tí táyà rẹ̀ tò sórí ìlà kan ṣoṣo, tí àwọn tó ń gbá họ́kì fi ń ṣe eré ìdárayá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ló ti ń lò ó. Wọ́n ti tú irin ibẹ̀, wọ́n sì ti da ọ̀dà sí i.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́ dúró bí a ti ń dúró lórí omi dídì. Ó yí ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi dídì á jẹ́ kí irin bàtà yọ̀. Ọ̀dà kò jẹ́ kí táyà yọ̀. Inú igbó ẹlẹ́gùn-ún ni Urho ti lọ fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Reino kọ́ bí a ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn kí bàtà lè dúró díẹ̀díẹ̀.

Ó ń jáde kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó tún ń jáde tó bá dé. Òjò kò dá a dúró, ẹ̀fọn kò dá a dúró. Ó fi ọ̀dùnkún àti bọ́tà sílẹ̀. Ó ń lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń bi í bóyá ó ti ní obìnrin ní ìlú kejì. Ìwọ̀n rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹjọ wọlé, ara rẹ̀ takú. Bí ó ti wù kó yára tó lórí ọ̀nà náà, ibì kan náà ni ìwọ̀n ń dúró sí. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti dé tán, ó sì ku pọ́n-ùn mẹ́ta.

Ìgbà náà ni Urho sọ̀rọ̀. Ìjàkadì ni Urho jà nílé ẹ̀kọ́, ó sì mọ bí àwọn ajàkadì ṣe ń mú ìwọ̀n wálẹ̀ kí wọ́n tó wọ ojú ìjà. Wọ́n á wọ náílọ́ọ̀nù, wọ́n á wọ ilé ooru, wọ́n á máa tutọ́ sínú agolo, wọn ò ní fẹnu kan omi. Gbogbo ọmọkùnrin agbègbè náà ló ti ṣe é rí.

"Ṣé kì í pa èèyàn?" ni Reino bi í.

"Ṣé mo jọ òkú?"

Nígbà tí wọ́n ti orí òkè yẹn délé lọ́sàn-án, Lempi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ife yìnyín lé itan. Omi tí wọ́n gbà á láyè láti mu lójúmọ́ kò tó nǹkan, nítorí náà yìnyín ló máa ń lá.

"Ta ló tì ọ́ sódò?"

"Àágùn ni."

"Mo mọ̀ pé àágùn ni. Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti yọ níbi igi yẹn. Kí ló ń dún lára rẹ?"

"Ẹ̀wù ni."

"Ẹ̀wù wo ló ń dún báyẹn? Urho, kí lo wọ̀ fún un?"

"Èmi? Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn jẹ́jẹ́ mi."

Lempi na ìka, ó gbé ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè, ó rí náílọ́ọ̀nù náà. Ó jẹ́ kí ẹ̀wù náà bọ́ padà. Ó gbé ife rẹ̀ fún un.

"Gbà. Ó ti yọ́ díẹ̀. Mu ún."

"Mi ò mu."

"Reino, èmi ni wọ́n ní kí n má mu omi. Wọn ò sọ fún ìwọ."

"Ó ku pọ́n-ùn mẹ́ta."

"Fóònù wà ní kíṣìnì. Pe Nọ́ọ̀sì Tollefson ní Duluth, kí o sọ fún un pé ó ku mẹ́ta."

"Bó bá ní àwọn ò gbà ńkọ́?"

Lempi mi yìnyín inú ife náà.

"Bí mi ò bá pè, wọn ò lè kọ̀," ni Reino wí. "Màá kàn débẹ̀, màá gun orí ìwọ̀n náà, á sì parí."

"Ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí," ni Lempi wí. "Bàbá wa náà kò pe ẹnikẹ́ni títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rà." Ó ju yìnyín kan sẹ́nu, ó yíjú sí títì.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dáná sí sáúnà ẹ̀yìnkùlé, ilé ooru onípákó kékeré tí bàbá wọn kọ́. Urho ń da omi sórí òkúta gbígbóná, ooru ń gbá wọn lójú. Reino jókòó lórí pákó òkè níbi tí ooru ti pọ̀ jù. Ó ń gbìyànjú láti tutọ́ sínú agolo, kò rí itọ́. Itan rẹ̀ le bí igi. Nígbà tó jáde lọ tọ̀ lẹ́yìn sáúnà, ìtọ̀ náà kò ju díẹ̀ lọ, àwọ̀ kọfí ló sì ní. Ó wò ó. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ koríko lé e. Ó padà wọlé, kò sọ fún Urho.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ sí Duluth, ó tún wọ bàtà náà. Urho kò sí níbẹ̀. Reino ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, kò tètè dìde. Ó dojú bolẹ̀ lórí ọ̀dà, ó ń bẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó ṣáà gbé òun débi afárá tó wà níwájú, lẹ́yìn ìyẹn kó ṣe òun bó ṣe wù ú. Ẹsẹ̀ náà gbé e débi afárá.

Ní Duluth, ó gun orí ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì Tollefson wò ó, ó tún un wò.

"Ọ̀gbẹ́ni Kangas, ẹ ti sọ̀kalẹ̀ kọjá iye náà. Ẹ kú iṣẹ́."

Reino jókòó. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ yẹ̀ wò. Lempi ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn kọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Reino."

"Hẹn."

"Sọ fún wọn pé èyí tó dára ni kí wọ́n mú o. Kí wọ́n má mú èyí tí o ti fi bíà bà jẹ́."

"Méjèèjì ni mo fi bíà bà jẹ́."

"Kí wọ́n ṣáà mú èyí tó tóbi."

Reino ń gbọ́ ẹ̀rín Lempi. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Dókítà dé pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì Tollefson. Dókítà náà fa àga, ó jókòó. Reino mọ̀ pé dókítà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ kì í jókòó.

"Ọ̀gbẹ́ni Kangas, kí lẹ ṣe lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí?"

Reino sọ fún un. Kò fi nǹkan pa mọ́. Ó sọ ti náílọ́ọ̀nù, ó sọ ti sáúnà, ó sọ àwọ̀ ìtọ̀ náà.

"Ẹran itan yín ti fọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀," ni dókítà wí. "Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó fọ́ yẹn ti há a lọ́fun, kò sì sí omi tó máa fi gbé e mì."

"Ẹ fún mi lómi. Ẹ jẹ́ ká dúró di ọ̀la."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀ kó lọ sàn lára Lempi."

"Ọ̀gbẹ́ni Kangas, ẹ̀yin gan-an la máa dá dúró síbí láti tọ́jú."

Nọ́ọ̀sì náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Mélòó ló kù kí ẹ tó wọ náílọ́ọ̀nù yẹn?"

"Mẹ́ta."

Nọ́ọ̀sì náà wo dókítà. Dókítà wo ilẹ̀.

"Ẹ̀ bá pè wá," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Pẹ̀lú mẹ́ta yẹn lára, à bá gbà yín."

Wọ́n so omi mọ́ apá Reino, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, wọ́n ti Lempi wọlé lórí àga onítáyà. Aṣọ tirẹ̀ ló ti wọ̀ padà.

"Wọ́n ní ìwọ náà ti di aláìsàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò jẹ́ kí n dá gbádùn nǹkan kan rí."

Reino wo omi tí wọ́n so mọ́ ọn lápá. "O ní kí n pè."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Lempi gbé ife omi orí tábìlì, ó fi í lé e lọ́wọ́. "Mu ún."

Ó mu ún. Lempi ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ti ń lọ sókè sódò, títí omi náà fi tán. Ó gba ife náà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e padà sórí tábìlì.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n tún Reino yẹ̀ wò. Wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ ti gbádùn dé ìwọ̀n tó lè gbé Reino nìkan ró. Kò tó èyí tí à ń pín.

Iṣan itan Lempi dí ní oṣù kejì. Òtútù ti mú ilẹ̀ dì bí irin, kò ṣeé gbẹ́. Wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ pa mọ́ títí di oṣù karùn-ún, kí wọ́n tó sin ín. Urho wà nínú àwọn tó gbé pósí.

Reino ò sanra mọ́. Bàtà náà wà lórí ìṣó nínú gáréèjì. Kíndìnrín méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀.