Bọ́tìnnì Ara Abẹ́rẹ́

"Marlene, kí ni síkóòpù wí? Ebi ń pa mí o!"

Dale Kivela ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó dúró ti ẹ̀rọ ìjórin tí wọ́n tú sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe wọn ní Thunder Bay, ní Kánádà, kò sẹ́ni tó ń ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ àfi tí ẹnìkejì bá fi síkóòpù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, wò ó, tó sì ké pé, "Fọwọ́ kàn án!" Kódà tí wọ́n bá ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, iná ṣì lè sá pamọ́ síkùn ẹ̀rọ náà.

Marlene Halonen gbé abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu wáyà síkóòpù lé e. Ìlà tó yọ lójú gíláàsì wà nílẹ̀ pátápátá: fóólútì méjìlélọ́gbọ̀n. Ìyẹn ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

"Fọwọ́ kàn án, alájẹkì!"

Dale rẹ́rìn-ín, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín náà tán tí iná fi gbé e.

Kí áńbúláǹsì tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Marlene padà jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń wo abẹ́rẹ́ náà. Kì í ṣe tirẹ̀. Tirẹ̀ ti já láàárọ̀, ó sì yá ti tábìlì kejì. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá tì í sókè, ìdá kan nínú mẹ́wàá iná nìkan ni síkóòpù máa rí. Òkè ló wà. Marlene ò wò ó. Ọ̀ọ́dúnrún àti ogún fóólútì ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn nígbà tó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Craig tó ni ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Olùyẹ̀wò ìjọba ti ń bọ̀. Gbọ́ mi dáadáa. Dale ò dúró dè ọ́. Ìwàǹwára rẹ̀ ló pa á."

"Èmi ni mo ké, Craig."

"Ta ló gbọ́? Ṣé pẹ̀lú ariwo fáànù yẹn? Ti bọ́tìnnì yẹn wálẹ̀, kó parí síbẹ̀."

"Sherri ńkọ́? Ṣé kí ìyàwó Dale máa rò pé òmùgọ̀ lòun fẹ́?"

"Sherri á sunkún, á sì gbà. Ìwọ ni wọn ò ní gbà síṣẹ́ mọ́ níbikíbi. Dale ti lọ ní tiẹ̀, Marlene. Ro ti ara ẹ, jàre."

Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́. Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀ láyé. Ó fi ìka lé bọ́tìnnì náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkóòpù, búrẹ́dì tí Sherri dì fún ọkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá, wọn ò tíì tú u. Marlene ká ìka rẹ̀ kúrò.

Obìnrin olùyẹ̀wò náà wọlé, yìnyín ṣì wà léjìká rẹ̀. "Ta ló lo síkóòpù yìí?" Craig lanu láti dáhùn.

"Èmi ni," Marlene sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí bọ́tìnnì yẹn wà."